Àpò Garí Ọlọ́jọ́ Méjì

Òórùn gbágùúdá tó ń kan ló máa ń jí mi láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú kùrukùru, á bá mi lórí ẹní, n kò sì ní í mọ̀ bóyá mo ṣì ń sùn. Lẹ́yìnkùlé wa ní Awà, àwọn àpò máa ń jókòó lábẹ́ òkúta bí àgbàlagbà tó ń ronú, omi funfun á sì máa kán láti ìdí wọn, tó, tó, tó. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lágbègbè yẹn, ẹ mọ ohùn omi náà.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé òkúta ló ń mú kí garí Ìjẹ̀bú kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Òkúta ń fún omi jáde ni; ọjọ́ ló ń mú un kan. Ìyá mi kì í tú àpò kí ó tó pé ọjọ́ mẹ́rin. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kán an lójú, á ní, "Òkúta mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é." Nítorí irú garí yìí ni Alhaja Sàláwà, alágbàtà láti Ìbàdàn, ṣe ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá bá wa ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Ọkọ̀ yẹn ló mú kí télọ̀ kan ṣí ṣọ́ọ̀bù sí àdúgbò wa, tí oníbúrẹ́dì sì tẹ̀ lé e. Owó ọkọ̀ náà la fi páànù tuntun bo orí ilé kéwú. Èmi rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, pé ọkọ̀ máa ń wá bí oòrùn ṣe máa ń yọ.

Ìwé kẹrin ni mo wà nígbà tí tíṣà wa kéde pé a ó lọ sí Òde-Omi lọ wo ọ̀sà. N kò tí ì rí omi tó fẹ̀ títí ojú kò fi rí òdìkejì rẹ̀ rí. Lójú mi, ó dà bí ìgbà tí òfuurufú bá gbà láti dùbúlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó fún ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀. Ó fi mí síkàáwọ́ Ìyá Kúdí, aládùúgbò wa, ó ní, "Ràfíà, bí àpò bá pé ọjọ́ mẹ́rin, kí o pè é kí ó bá wa yan án. Ìgbà yẹn ni o tó lè lọ sí ibikíbi."

Ọjọ́ kẹta tí àpò wà lábẹ́ òkúta ni mọ́tò ilé-ìwé máa gbéra. Ní ọjọ́ kejì, mo yí àwọn òkúta kúrò.

Ìyá Kúdí ki ọwọ́ bọ àpò. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ràfíà, ṣé ó ti pé?"

"Ó ti pé, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Irọ́ lo ń pa, ọmọ ọlọ́sà! Òde-Omi ló ń pè ọ́. Ó dáa, ta ló máa mọ̀? Èmi náà, ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe tèmi. Garí ti wọ́n lọ́jà, gbogbo ilé ló ń sáré."

A yan án lọ́jọ́ náà, Alhaja sì ti rà á lọ kí ìyá mi tó dé. Mo rí ọ̀sà náà. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn lórí omi, ọkọ̀ ojú omi kan ń lọ jẹ́ẹ́, ohùn àwọn obìnrin tó wà nínú rẹ̀ sì ń dé etí wa lẹ́yìn tí ẹnu wọn ti dákẹ́. Mo gbàgbé àpò pátápátá.

Ní ọjọ́ ọjà kejì sí i, ọkọ̀ Alhaja kò wá lófìfo. Ẹrù ló gbé dé. Ó tú àpò kan sílẹ̀ níwájú wa: garí ti dì, ó ti bu, ó ní àwọ̀ eérú. Bí wọ́n ti ń tú àpò kún àpò ni àwọn obìnrin ń búra pé kì í ṣe tàwọn. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó bu díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra á. Ó mọ iṣẹ́ asẹ́ rẹ̀. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Tilé mi wà nínú rẹ̀, Alhaja. Ẹ má bínú."

Alhaja mí kanlẹ̀. "Ìyá Ràfíà, o ṣeun tí o sòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi ò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Awà ni wọ́n mọ̀." Ọkọ̀ yí orí padà, ó gba ọ̀nà Mámu padà sí Ìbàdàn láìra nǹkan kan.

Kò padà wá fún ìgbà pípẹ́. Télọ̀ kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ìyá mi pe àwọn obìnrin jọ, ó ní kí ilé kan má yan garí mọ́ àfi bí ilé mìíràn bá ti tú àpò rẹ̀ wò. Ìyá Kúdí pariwo, "Háà! Ṣé ká wá máa gbóòórùn ara wa bí ajá ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ìyá mi wí. "Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí tèmi."

Wọ́n ṣe é, pẹ̀lú ìkùnsínú àti ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì kọjá kí Alhaja tó tún yà lọ́dọ̀ wa, àpò mẹ́ta péré ló sì rà lọ́jọ́ náà. Díẹ̀díẹ̀ ni ó padà sípò. Títí ìyá mi fi kú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo yí òkúta.

Mo di olùkọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ bá bi mí léèrè ìdí tí orílẹ̀-èdè kan fi ń gòkè tí òmíràn fi ń wó, mo máa ń ka ohun tó wà nínú ìwé fún wọn: epo, èbúté, ẹ̀rọ, ìjọba rere. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ní ọdún kan, ọ̀gá wa ní kí gbogbo kíláàsì mi gòkè, nítorí pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀, gbogbo ilé-ìwé ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ àwọn tí kò tí ì lè kàwé. Mo bu ọwọ́ lu ìwé èsì wọn. Ọmọ ìwé kẹrin tí mo jẹ́ nígbà kan ní ọ̀sà tó wù ú láti rí. Èmi, ìrọ̀rùn ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo wá. Kò sì sí ọkọ̀ kankan tó kó wọn padà wá tú sílẹ̀ níwájú mi.

Àwọn kan nínú wọn ti di olùkọ́ báyìí.