Ọmọ tí Bàbá Kékeré Mú Bọ̀ Láti Ojú Ogun

Kékeré ni mo wà ní Ṣakí nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí pé a kò gbọ́ ìró ìbọn kankan lọ́dọ̀ wa. Inú rédíò bàbá mi ni ogun náà ń gbé. Bí wọ́n bá ti tàn án, àwa ọmọdé ò gbọdọ̀ wúkọ́. Ohun tí a mọ̀ ni pé iyọ̀ wọ́n, pé Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, wà lójú ogun, àti pé Ìyá Àgbà tó bí wọn kì í tètè dìde mọ́ lórí ẹní ìkírun rẹ̀.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, iṣẹ́ wa ni ká lọ ṣa èso èmi lóko. A ó jẹ ara rẹ̀ tó dùn, a ó gbé kóró rẹ̀ wálé fún Ìyá Àgbà láti fi ṣe òrí. Lọ́jọ́ kan tí a ti oko dé, tí ẹnu wa ṣì ń lẹ̀ mọ́ra, ni Bàbá Kékeré wọlé dé nínú aṣọ sójà. Wọ́n fún un láàyè kó wá kí wa. Ọmọbìnrin kan tó tó ẹgbẹ́ mi tẹ̀lé e, ó rù kan eegun.

Bàbá Kékeré ní ẹ̀bá ọ̀nà lòun ti rí i, nítòsí ilé kan tó jó, kò sì sí ẹni tó ń wá a. Ngọzi lorúkọ rẹ̀. Ìyá Àgbà gbìyànjú títí, "Ńgósì" ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ló bá kúkú sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́.

Orí ẹní kan náà la jọ ń sùn. Kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi mọ bojúbojú ṣe, ó tilẹ̀ mọ ibi ìsápamọ́ jù wá lọ. Ọ̀rọ̀ iṣu ló dá wàhálà sílẹ̀. Iṣu sísè bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá nínú ìkòkò, èmi tí gbogbo ilé mọ̀ sí ọ̀jẹun sì ni ìyá mi mú. Mo kúnlẹ̀, mo káwọ́ sókè títí apá mi fi ń gbọ̀n. Àfìgbà tí èèrà tò wọ abẹ́ ẹní wa. Ìyá mi ká ẹní náà, ó bá iṣu tó ti gbẹ níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ó mú pàṣán. Àbẹ̀kẹ́ kò sá, kò sunkún, ó kàn dùbúlẹ̀ lé iṣu náà lórí.

"Ìyàwó, má nà án," Ìyá Àgbà ní. "Kì í ṣe olè. Ebi ló ń bà á lẹ́rù."

Ó wá igbá kékeré kan tó lọ́mọrí, ó fi iṣu sí i, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọmọ náà ń gbórí lé. "Tìrẹ nìyí. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án." Ojoojúmọ́ ló ń fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, Àbẹ̀kẹ́ á ṣí igbá náà láàárọ̀, á fún mi ní ìdajì. Ẹ ò rí i pé ìyà mi kò gbé.

Nígbà tí ogun fi máa parí, èdè Ṣakí ló fi ń bá wa jà, ó ti gbàgbé tirẹ̀. Àṣé kí Bàbá Kékeré tó mú un kúrò lọ́hùn-ún, ó ti sọ orúkọ ìlú wa fún arúgbó kan ládùúgbò náà. Lọ́jọ́ ọjà kan, obìnrin tínrín kan sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, ó ń bèèrè ilé sójà tó mú ọmọ bọ̀. Ìyá Ngọzi ni.

Àbẹ̀kẹ́ sá sẹ́yìn Ìyá Àgbà. Obìnrin náà kò fà á. Ó jókòó sílẹ̀ níbi tí a ti ń fọ́ kóró èmi, ó mú òkúta, ó ń bá wa fọ́ ọ, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Bàbá Kékeré, tó ti padà wálé pátápátá, ló yarí. "Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ikú. Kò mọ ìyá kankan mọ́ àfi ẹ̀yin." Bàbá mi gbè é lẹ́yìn. Gbogbo wa ń wo Ìyá Àgbà, torí a mọ̀ pé òun ló fẹ́ràn ọmọ náà jù.

"Ràfíù," ó ní fún Bàbá Kékeré, "ọmọ kì í ṣe ìkógun. Gbogbo ìgbà tí o fi wà lọ́hùn-ún, mi ò mọ̀ bóyá o wà láàyè. Mi ò ní í jẹ́ kí ojú ìyá ẹlòmíì rí ohun tí tèmi rí." Ó yíjú sí Àbẹ̀kẹ́. "Ìyá rẹ nìyí. Èmi bá a tọ́jú rẹ ni."

Obìnrin náà gbé lọ́dọ̀ wa fúngbà díẹ̀ kí ọmọ náà tó gbà kó di irun fún òun. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Ìyá Àgbà di èlùbọ́ àti òrí fún wọn, ṣùgbọ́n kò jáde wo lọ́rì. Èmi ni mo sáré tẹ̀lé e títí eruku ò fi jẹ́ kí n rí nǹkan mọ́.

Ọdún gorí ọdún, ẹni tó bá ń lọ sápá ọ̀hún ló ń bá wa jíṣẹ́ fúnra wa. Nígbà tí Ìyá Àgbà papò dà, Ngọzi àti ìyá rẹ̀ wá síbi fídáù. Ngọzi fi èdè Ṣakí dárò débi pé àwọn àlejò ń bèèrè ọmọ ilé wo ni.

Ní báyìí, fóònù ti mú un rọrùn. Kò sí Iléyá tí kì í pè mí, Àbẹ̀kẹ́ náà ni mo sì ń pè é. Àwọn ọmọ-ọmọ wa ń fi òyìnbó kí ara wọn, àwa méjèèjì á sì máa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ògiri gíga la fi yí ilé ká lóde òní, bí ọmọ àjèjì bá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìlú tó ti wá la ó kọ́kọ́ bèèrè, lẹ́yìn náà ẹ̀sìn rẹ̀. Ọjọ́ tí Bàbá Kékeré mú ọmọ àwọn tí rédíò ń pè ní ọlọ̀tẹ̀ wọlé wa, mo wà níbẹ̀. Ohun tí Ìyá Àgbà kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé ọmọ yìí ti jẹun?"