Lébẹ́ẹ̀lì Mẹ́ta Nínú Agolo Bọ́tìnnì

Bàbá Onígò ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè é, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé ó ń ta ìgò. Ẹja ló ń tọ́jú, ẹja tó ti kú, tí wọ́n rẹ sínú ìgò sípíríìtì, tí wọ́n tò láti ilẹ̀ dé àjà nínú yàrá tútù kan tí kò ní fèrèsé. Iṣẹ́ ìwádìí òkun ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹja inú ibú ló pọ̀ jù, àwọn tó ń gbé ara òkè tó wà lábẹ́ omi, torí òkun náà ní òkè tirẹ̀. Ẹja tó wà lára òkè kan lè má sí lára èkejì, èyí tó ń gbé ṣóńṣó òkè sì lè má dé ìdí rẹ̀ láéláé. Ẹja ò lè sọ ibi tó ti wá. Lébẹ́ẹ̀lì, pépà kékeré tí wọ́n kọ orúkọ òkè sí, tí wọ́n fi òwú so mọ́ ọn lẹ́nu, ló ń bá a sọ ọ́.

Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń kọ lébẹ́ẹ̀lì yìí, nítorí sípíríìtì a máa fọ yíǹkì dànù. Wọn kì í sì í yọ ọ́ kúrò. Bí ẹnì kan bá ṣì í kọ, wọ́n á kọ tuntun tì í, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣàtúnṣe, méjèèjì á sì jọ máa gbé inú ìgò. Òfin yìí ni Bàbá Onígò máa ń kọ́kọ́ kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wọ yàrá rẹ̀, àfi bí ẹni pé òun ló ṣe é.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà tí Dókítà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọmọbìnrin yìí ò ju àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Onímọ̀ nípa ẹja ni, òun ló ń ya máàpù ibi tí àwọn ẹja òkè abẹ́ omi ń gbé.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ gbọ́ nǹkan, ẹja Olójú-Ńlá wà lára òkè àríwá náà! Mo ti rò pé òkè gúúsù nìkan ló ń gbé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìgò yín ni. Ẹja mẹ́ta, ọwọ́ yín ló sì kọ lébẹ́ẹ̀lì wọn. Àwọn ọkọ̀ apẹja fẹ́ wọ́ àwọ̀n ńlá kọjá lára òkè gúúsù, a ò gbà fún wọn kí Olójú-Ńlá má baà run. Tó bá ti wà níbòmíràn, kò séwu mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń fi máàpù ránṣẹ́."

Bàbá Onígò mọ ẹja mẹ́ta náà bí ẹní mowó.

Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni. Kí ọwọ́ rẹ̀ lè yá, ó máa ń kọ lébẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ kí àwọ̀n tó gòkè. Nígbà tí ọkọ̀ ìwádìí wọn dé òkè gúúsù, òkun ń ru, èébì ń gbé e, ó kàn ń yọ lébẹ́ẹ̀lì lápò láìwò ó ni. Ìgbà tó délé, tó fẹ́ fọ ṣẹ́ẹ̀tì, ló bá lébẹ́ẹ̀lì òkè gúúsù mẹ́ta tí kò lò. Ti òkè àríwá tó ṣẹ́ kù sápò ló ti so mọ́ ẹja òkè gúúsù. Wọn ò tíì gbà á síṣẹ́ pátápátá, ìyàwó rẹ̀ sì lóyún. Ó dákẹ́. Ó ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú agolo tí ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ń kó bọ́tìnnì sí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tirẹ̀ ti fi ọdún mẹ́wàá lé e, kò sì tíì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ òtítọ́.

Nírọ̀lẹ́, ó da bọ́tìnnì sórí tábìlì.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ ń wá?"

"Àwọn pépà mi kan."

Ìyàwó rẹ̀ ò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ. "Wọ́n wà nísàlẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá fọ agolo yẹn ni mò ń dá wọn padà. Mo ní ọjọ́ kan lẹ máa bèèrè wọn."

Bàbá Onígò ṣàlàyé fún un. "Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní ta ló mọ iye ìgò tí mo ti bà jẹ́. Ọ̀gá sì fẹ́ dìde níbi ìdágbére mi lọ́jọ́ Ẹtì, kó ní n ò ṣàṣìṣe rí."

"Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ máa lè jókòó gbọ́ ọ?"

Ó ṣa lébẹ́ẹ̀lì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sápò.

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ́ lébẹ́ẹ̀lì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú Dókítà, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ojú ń tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Dókítà ń wo àwọn pákó tí wọ́n to ìgò lé, láti ọ̀kan dé èkejì.

"Bàbá, àwọn yòókù ńkọ́?"

"Èyí tí mo mọ̀ nìyí. Èyí tí n ò mọ̀, n ò lè búra."

"Á jẹ́ pé a máa fi gbogbo wọn wé ìwé ọkọ̀ tí wọ́n ń kọ ibi tí wọ́n ti kó ẹja sí nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.

Dókítà gbé fóònù, ó ní kí wọ́n má ṣí òkè gúúsù fún àwọn apẹja, Olójú-Ńlá ò nílé míì. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìgò, ó sì na pẹ́ńsù sí i. Bàbá Onígò kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́yìn lébẹ́ẹ̀lì òkè gúúsù kọ̀ọ̀kan, kò gé e kúrú.

"Ṣé orúkọ yín nìyí? Mi ò mọ̀ ọ́n o."

"Bàbá Onígò kọ́ ló ṣe é," ó ní. "Èmi ni."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá fo ibi tó ti fẹ́ sọ pé Bàbá Onígò ò ṣàṣìṣe rí, wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀, wọ́n sì tú ká. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Dókítà bá Bàbá Onígò níwájú pákó àkọ́kọ́, ó ti gbé ìgò kìíní sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti fẹ̀yìn tì!"

"Mo mọ̀," ó ní, ó na ìwé ọkọ̀ sí i. "Ẹ bá mi ka ti àkọ́kọ́."