Ẹní Àṣàkẹ́ Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún ni Oyèlẹ́yẹ. Èkó ló ti ń ya àwòrán ilé. Ní 1988, ọ̀gá rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà wọ ọ́fíìsì, wọn ò fọwọ́ fa ìlà mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fi bíríkì tàbí òkúta kún ilẹ̀ ilé nínú àwòrán, ẹ̀rọ náà ti ní tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan mìíràn ni yóò kọ́ ọ ní ègé kékeré kan. Ègé yẹn ni ẹ̀rọ á máa tún ṣe títí ilẹ̀ á fi kún.

Ẹní ìyá rẹ̀, Àṣàkẹ́, ni Oyèlẹ́yẹ fẹ́ kọ́ ọ. Ní Ìlá, wọ́n mọ Àṣàkẹ́ mọ ẹní híhun. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ fún oníbàárà pé, "Bí ẹ bá rí àṣìṣe níbẹ̀, ẹ dá a padà." Oyèlẹ́yẹ wo ẹní tuntun tí ìyá fi ránṣẹ́ sí i, ó mú ègé kan níbẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀rọ.

Ọ̀gá wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹní rèé àbí àpò tí eku jẹ? Ihò ló kún gbogbo rẹ̀!"

Oyèlẹ́yẹ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Kò ṣì í. Ó padà sídìí ẹní. Fọ́nrán kan fò nínú ègé tó mú. Òmíràn fò nísàlẹ̀. Òmíràn tún fò létí.

Ìyá òun kì í fo fọ́nrán.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó ti wọkọ̀ ilé. Ó bá ìyá lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń hun ẹní. Ó dúró níwájú rẹ̀ gan-an.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ọkọ mi! Oòrùn ló wọ̀ mí lójú."

Oòrùn ò sí. Òjò ló ṣú.

"Ẹ ò sọ fún mi, Ìyá."

"Kí n sọ, kí o pa iṣẹ́ tì? Ọwọ́ mi ṣì mọ̀nà."

Ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní ó ti pẹ́ jù, ojú náà ò lè là mọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, Oyèlẹ́yẹ sọ ti ẹ̀rọ fún un, ó fi bébà tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán ẹní náà sí lé e lọ́wọ́. Àṣàkẹ́ fọwọ́ pa á síwá, ó pa á sẹ́yìn.

"Ó ń yọ̀. Ẹní ọ̀hún dà?"

Ó di ìka ìyá mú, ó gbé e lé ìlà. "Ibí nìyí, Ìyá."

"Mi ò bá a, ọkọ mi."

Ó dá bébà padà, ó fa fọ́nrán mọ́ra. "Jókòó tì mí. Bí mo bá fo ọ̀kan, kí o sọ."

Oyèlẹ́yẹ jókòó. Kò pẹ́, Àṣàkẹ́ fo ọ̀kan.

"Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa, Ìyá."