Ọwọ́ Kékeré Inú Ajá

N kì í ṣe ẹni tó tètè ń bẹ̀rù. Iṣẹ́ mi kò tiẹ̀ gba ojo. Ilé ìwòsàn ẹran kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti ń ya fótò egungun, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́síréè: ajá tí ọkọ̀ gbá, ológbò tó já láti orí òrùlé, ewúrẹ́ tó gbé ike mì. Inú yàrá dúdú ni mo ti máa ń fọ fíìmù, èmi nìkan, lábẹ́ gílóòbù pupa kan ṣoṣo, òkùnkùn ibẹ̀ sì ti mọ́ mi lára débi pé mo máa ń jẹ ẹ̀pà níbẹ̀. Àǹtí Fótò ni àwọn ará àdúgbò ń pè mí. Ẹnì kan tiẹ̀ wá bi mí rí bóyá mo lè bá òun ya páásípọ́ọ̀tù. Mo lé e jáde jàre.

Àwa tí à ń ya fótò egungun ẹran kò pọ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n a ní ẹgbẹ́. Ní Sátidé tó bá parí oṣù, a máa ń pàdé nínú kíláàsì kan tí wọ́n ń yá wa, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí oòrùn. Ẹni tí fíìmù bá rú lójú yóò mú un wá, a ó gbé e sókè síwájú ìmọ́lẹ̀, yóò sì máa ti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí fíìmù bá le, ènìyàn mẹ́ta gbọ́dọ̀ fojú kàn án kí ẹlẹ́ran tó gbọ́ ohunkóhun. Ẹni tó mú un wá kò sì gbọdọ̀ sọ ìtàn ẹran náà fún wa kí a tó wò ó tán. Bàbá Alága wa, àgbàlagbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa, kò gba gbẹ̀rẹ́ lórí èyí. Á ní, "Tí o bá ti gbọ́ ìtàn, ìtàn lojú rẹ máa rí. Kò ní rí egungun mọ́."

Ìgbà yẹn ni Èbólà wọ Èkó. Ẹ ó rántí bí ìlú ṣe rí. Ẹnikẹ́ni kò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Àwọn ènìyàn ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ ní ìdájí, òmíràn ń mu ún. Àwọn aláṣọ funfun tó ń jọ́sìn lẹ́yìn ilé mi kò gbé ọwọ́ lé ara wọn lórí mọ́, ọ̀ọ́kán ni wọ́n ń nawọ́ sí ara wọn tí wọ́n fi ń gbàdúrà, mo sì máa ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Wọ́n ti kìlọ̀ pé inú ẹran ìgbẹ́ ni àrùn náà ti ń wá. Àwọn tó ní ẹran gbígbẹ nínú ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í dà á nù sí gọ́tà àti orí ààtàn, láti Ìkọ̀tún títí dé Ìgandò. Ajá ìgboro yó lọ́dún náà.

Bàbá Alága fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí fóònù. Kò sí ìpàdé mọ́. Ẹni tí fíìmù bá rú lójú, kó fi fóònù ya fótò rẹ̀, kó jù ú sórí Wásáàpù ẹgbẹ́, kí ẹni mẹ́ta wò ó níbẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá sì yọ jáde nínú ikùn ẹran, kí wọ́n sun ún lójú ẹsẹ̀, kí ẹlẹ́ran má fojú kàn án, kó má fọwọ́ kàn án. Inú bí mi. Fótò tí a yà láti ara fótò, lórí fóònù tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ? Mo ní kí ni ká ti wá pe ìyẹn sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba gbogbo wa, a sì gbà.

Ọ̀sán kan báyìí ni Màmá kan wá láti Ìgandò. Ajá rẹ̀ pupa, ó rù, ikùn rẹ̀ nìkan ló wú. Ó ní ajá náà ń bì, kò sì jẹun mọ́. Mo bi í pé látìgbà wo. Ó wo ilẹ̀.

"Látìgbà tí ọmọ ọmọ mi ti sọnù ni," ló wí. "Ọmọbìnrin ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ kú níbi tó ti ń bí i, èmi ló fi í sílẹ̀ fún. Òun àti ajá yìí ni wọ́n jọ jáde láti lọ ṣeré. Ajá nìkan ló padà wálé."

Mo ní, "Háà, Màmá. Ọlọ́run á bá yín wá a."

Ohun kan wà tí mo rí nígbà tí mo ń gbé ajá náà lọ sórí tábìlì. Ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, síbi tí àyè ṣófo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù. Ibi tó ń wò kò ga. Bí ibi tí orí ọmọdé máa ń dé. Màmá náà rí i pé mo rí i. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ló wí, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Mo ya fótò náà, mo gbé fíìmù wọ yàrá dúdú, mo rì í sínú omi oògùn. Egungun ẹ̀yìn ajá ló kọ́kọ́ jáde lábẹ́ iná pupa, lẹ́yìn náà àwọn ìhà. Mo ń mi fíìmù náà jẹ́jẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà, nínú àpòlúkù ajá, ìka kan yọ. Òmíràn yọ. Ìka márùn-ún, tínrín tínrín, wọ́n ká díẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ bá na ọwọ́ pé kí wọ́n gbé òun.

Yéè! Ẹ̀pà ẹnu mi bọ́ sílẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí omi fi ń kán láti ara fíìmù sí bàtà mi. Mo ń gbọ́ ohùn Màmá náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń bá ajá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń bi í pé, "Níbo lo fi í sí?"

Mo jáde, mo ní kó dúró díẹ̀, pé fíìmù kò tíì gbẹ. Dókítà wa wò ó, ó sì fò sẹ́yìn. Ó ní òun kò ní la ajá tí irú nǹkan yìí wà níkùn rẹ̀ láìmọ ohun tó jẹ́, pé tó bá jẹ́ ènìyàn, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni, tó bá sì jẹ́ ẹran ìgbẹ́, ọ̀rọ̀ Èbólà ni. Mo gbé fíìmù sójú fèrèsé, mo fi fóònù yà á, mo jù ú sórí Wásáàpù. N kò kọ ohunkóhun sí i. Òfin ni òfin.

Èsì ẹni àkọ́kọ́ dé: "Ọwọ́ ọmọdé ni." Ẹni kejì pẹ́ díẹ̀. "Jésù! Ọmọdé ni. Níbo lẹ ti rí i?" Ó ku ojú kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé ó ku ẹnì kan kí n jáde lọ sọ fún ìyá àgbà pé ajá tó ń fọwọ́ pa lórí ti jẹ ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí fóònù náà kú.

Bàbá Alága kò kọ̀wé. Ó pè mí. "N kò rí orí àwọn egungun náà lórí nǹkan yìí," ló wí. "Tún un yà." Mo tún un yà, ó tún ṣe bàìbàì. Ó ní, "Má sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Mò ń bọ̀."

Ẹni tó ṣòfin pé kí a má pàdé! Láti Akòwónjò ló ti fẹsẹ̀ rìn, torí ó ti búra pé òun kò ní gun ọ̀kadà lásìkò náà. Ó dé tòun ti ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ méjèèjì, ó fi aṣọ bo imú, ó ní kí n fi fíìmù há fèrèsé kí n sì lọ dúró ní igun yàrá lọ́hùn-ún. Kò bèèrè ìtàn. Ó yọ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá láti inú àpò, ó sún mọ́ ọwọ́ náà, ó ń wò ó ní ìka ìka. Màmá náà ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò ráyè lé e. Ó ti rí i. Kò pariwo o. Ó kàn ń wo ọwọ́ náà, ọwọ́ tirẹ̀ sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni fẹ́ dì í mú.

"Ọmọdé kọ́," Bàbá Alága wí.

Mo ní, "Ẹ tún un sọ, sà."

"Orí egungun ọmọdé kì í tíì lẹ̀ mọ́ ara egungun. Àlàfo máa ń wà lórí ìka kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ló ti ń dàgbà. Gbogbo èyí ti lẹ̀ pátápátá. Ohun tó ni ọwọ́ yìí ti dàgbà tán, ó kàn kéré ni. Wo àtàǹpàkò rẹ̀ bó ṣe kúrú. Ọ̀bọ ni. Orí ààtàn ni ajá ti rí i."

Màmá náà wó lulẹ̀ lórí eékún. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó ń yin Ọlọ́run. "Kì í ṣe òun! Kì í ṣe òun! Ó wà láàyè, ó máa wálé!" Ó fẹ́ dì mọ́ Bàbá Alága, bàbá sì ń fi ẹ̀yìn rìn káàkiri yàrá, ó ń pariwo pé, "Èbólà, Màmá! Èbólà!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Dókítà la ajá náà lọ́jọ́ kejì. Ohun tó yọ jáde kò pé ìṣẹ́jú kan nínú abọ́ tí a fi dà á sínú agolo lẹ́yìn ilé, a da kẹrosíìnì lé e, a sun ún di eérú. Ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kí Màmá náà sún mọ́ ibẹ̀. Fíìmù nìkan ló gbé lọ sílé.

Èbólà lọ. Ọyẹ́ dé. A padà sí kíláàsì wa, a tún ń fi fíìmù ti ọwọ́ dé ọwọ́, a ń bú ara wa bí a ti máa ń ṣe. Ọmọ náà kò wálé.

Ní ọjọ́ ìpàdé kan, a gbọ́ tí ẹnì kan ní "Ẹ jọ̀ọ́" lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Ìgandò ni. Ó ti gbẹ. Ajá pupa náà dúró tì í, ara rẹ̀ ti yá, ó ń dán. Ó tú ìkángun ìró rẹ̀, ó fa fíìmù náà yọ.

"Ẹ bá mi tún un wò," ló wí.

Bàbá Alága dìde. "Màmá, ọ̀bọ ni. A ti sọ fún yín."

"Ẹ sọ fún mi, mo sì kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n n kò fojú rí i. Ẹ ti sun ún. Dókítà ní àwọn méjì nínú yín kọ́kọ́ sọ pé ọmọdé ni." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Mo ti wá a dé Ìjẹ̀gùn. Mo ti wá a dé Àgbàdo. Ó ti rẹ̀ mí. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ ṣá sọ ọ́. Kí n lè mọ ibi tó wà. Kí n lè rí nǹkan sin."

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé rárá fún un. Fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àwọn méjì tó sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́sí wò ó, wọ́n gbé e kọjá, wọn kò wo ojú ara wọn. Ó kàn mí. Mo gbé e sókè síwájú oòrùn.

Mo rí àlàfo. Mo fi Ọlọ́run búra, lórí ìka kọ̀ọ̀kan, àlàfo tínrín, bíi ti ọmọ tó ṣì ń dàgbà. Mo pa ojú dé. Mo là á. Egungun náà ti lẹ̀ padà, ó mọ́ kedere, ọ̀bọ àgbà. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọmọ náà. Ọlọ́run foríjì mí, mo fẹ́ ẹ nítorí Màmá náà. Mo ti fíìmù náà sọ́wọ́ Bàbá Alága kíákíá.

Òun kò gbé e sókè. Ó mú un dání, ó ń wo Màmá náà, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ gba inú irùngbọ̀n.

"Gbogbo wa la ti mọ ìtàn rẹ̀ báyìí, Màmá," ló wí. "Ojú wa kò ṣeé gbà gbọ́ mọ́ lórí èyí. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ tí n kò mọ nǹkan kan ni mo rí."

Màmá náà gba fíìmù rẹ̀. Ó fi ìkángun ìró nù ún, níbi tí ọwọ́ wa ti bà á jẹ́, ó sì wé e padà. "Ẹ ṣeun," ló wí. Ajá náà dìde. Ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́, síbi tó ṣófo, ó ju ìrù, ó sì sún díẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé kan fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Màmá náà dúró kí onítọ̀hún kọjá. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n lọ.