Ọwọ́ Òsì Bàbá Fáìzàh

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Cissin, ní Wagadúgù níbí, pé bàbá Fáìzàh fi ọwọ́ òsì na pulọ́ọ̀gì moto sí lèmọ́mù nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù. Lèmọ́mù wo ọwọ́, ó wo ojú.

"Alhaji Súbérù, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"Àlùfáà, ẹ má bínú. Ọmọ mi ló fẹ́ wa bàálù."

Lèmọ́mù ní kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà, ó sì lọ ra pulọ́ọ̀gì níbòmíràn.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Fáìzàh, àbígbẹ̀yìn èmi àti ọkọ mi, fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú. Ìdánwò kan wà lórí kọ̀ǹpútà: ọwọ́ ọ̀tún á máa darí nǹkan, ọwọ́ òsì á máa darí òmíràn, etí á máa gbọ́ ìṣirò, ẹnu á máa dáhùn. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, kò sí pé á tún un ṣe. Nílé tó ti ń fi kọ́ra, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń bà á jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ọlọ́wọ́-òsì ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ ló gbá a lọ́wọ́ títí tó fi jáwọ́, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ìgbà tó wá rí ọmọ tó ń sunkún níwájú kọ̀ǹpútà, ó jókòó tì í.

"Èmi ni mo mú ọwọ́ yìí sùn," ó ní. "Èmi náà ni n ó jí i."

Láti ìgbà náà, òsì ló fi ń fún ọmọ ní gbogbo nǹkan, kí ọwọ́ tirẹ̀ má dá nìkan tijú. Ó wá mọ́ ọn lára dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà. Tí ará Mossi kan bá fajú ro, á fi Mooré, èdè wọn, ṣàlàyé ìdánwò fún un títí onítọ̀hún á fi gbàgbé ohun tó wá rà.

Fáìzàh á máa fi òsì dè nọ́ọ̀tì, á máa fi ọ̀tún yí táyà, bàbá rẹ̀ á máa ju ìṣirò lù ú ní Yorùbá, ní Mooré, ní Dioula.

"Papa, ẹ jọ̀ọ́, Faransé ni wọ́n máa fi béèrè."

"Ìwọ ti dé òkè rí, tí o fi mọ èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀?"

Oúnjẹ nìkan ni kò gbà kó fi òsì jẹ. Ó ní bàálù kì í jẹ ọkà.

Ikú dé bá bàbá rẹ̀ kí ìdánwò tó dé. Ojú wíwú ni ọmọ náà gbé lọ síbẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi yege.

Ìgbà tí mo bọ́ aṣọ opó ni Nàfíù, àbúrò olóògbé, ráyè ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. A mú un dé ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú, èmi, Fáìzàh àti lèmọ́mù. Ó béèrè ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ̀gbọ́n òun sí.

Fáìzàh gbé ọwọ́ òsì sókè, ó fi júwe.

Nàfíù la ẹnu láti bá a wí. Lèmọ́mù rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Jẹ́ kó júwe," ó ní. "Bàbá rẹ̀ ló jí i."

Ibi tí ọwọ́ náà nà sí ni gbogbo wa gbà.