Ohùn Alága Nínú Àdúà Ìyá Mi

Òórùn lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́ kì í kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún rédíò ṣe ní Ṣàngó, ó sì ti mọ́ mi lára débi pé mi ò gbọ́ ọ mọ́. Àmọ́ bí òórùn káńfọ̀ tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú bá dà pọ̀ mọ́ ọn díẹ̀, ọdún Kòrónà ló ń padà wá bá mi, ọdún tí wọ́n ti gbogbo wa mọ́lé bí adìyẹ. Ìwọ náà ò lè gbàgbé bí títì ṣe dá páropáro.

Ní oṣù kẹta ọdún náà, alága àdúgbò wa gbé mẹgafóònù kan wá bá mi tí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnì kankan ò kọ́ mi níṣẹ́ yìí o. Rédíò ìyá mi ni mo fi kọ́ ọ, títú àti dídì, títí tó fi yé mi. Mo ṣí mẹgafóònù náà, mo rí i pé waya kọ́ìlì tó wà lẹ́yìn ẹnu rẹ̀, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, ti já. Mo tún un wé láti ìbẹ̀rẹ̀, mò ń kà á yípo-yípo, mi ò mí dáadáa títí mo fi parí. Nígbà tí mo kí sálámà sínú rẹ̀, ewúrẹ́ kan bẹ́ sílẹ̀ láti orí fẹ́ǹsì.

Alága rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, “Ẹnjiníà! Ohùn yìí á dé Ọ̀mù-Àrán!”

Inú mi dùn. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, ó dùn gan-an.

Kò pé oṣù kan sí i tí Màámi fi kú. Kì í ṣe Kòrónà o, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ti ń bá yí láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Àwọn ni wọ́n ń ṣáájú ẹgbẹ́ alásàlátù kan, àwọn ìyá tó ń péjọ fún àdúà láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àdéhùn kan wà láàárín wọn: ọ̀kan nínú wọn kò gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn tó kù dúró, kí wọ́n sì ṣàmín sí àdúà rẹ̀. Màámi ò kùnà èyí rí lórí ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ̀ mí fún lórí ibùsùn àìsàn nìyẹn: “Jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣàmín fún mi.”

Ẹsẹ̀ ni àwọn ìyá méje fi rìn láti Ọjà Tuntun wá sí Ṣàngó, torí kò sí ọkọ̀. Èèyàn méjìlá la wà nínú àgbàlá, mo kà wá. Ogún ni òfin fàyè gbà. Méjìlá àti méje, ṣé ó pé ogún ni? Àbúrò mi obìnrin wà ní Kàdúná, wọ́n ti dí ọ̀nà, kò lè wá. Nítorí tiẹ̀ ni mo ṣe gbé rẹ̀kọ́dà sórí ògiri, mo fi fóòmù wé ẹnu rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa fẹ́ sí i.

Bí Ààfáà ṣe ṣí àdúà, ohùn kan bú jáde nínú mẹgafóònù láti ẹnu géètì àdúgbò: “Ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí, ẹ padà! Òkú ò mọ iye ẹni tó sin ín!”

Mo sáré jáde. Òógùn ti mú kí híjáàbù wọn lẹ̀ mọ́ wọn lọ́rùn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ọ̀rẹ́ Màámi láti ìgbà ọmọge, ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Alága, a ò ní wọlé. Ìta níbí la ó dúró sí. Ẹ ṣáà jẹ́ ká ṣàmín.”

Kò ju ìwọ̀n apá kan lọ láàárín àwọn méjèèjì, síbẹ̀ Alága gbé mẹgafóònù sẹ́nu: “Ẹ máa lọ sílé yín!”

Wọ́n lọ. Mo fi ohun tí rẹ̀kọ́dà gbà ránṣẹ́ sí Kàdúná. Àbúrò mi pè mí, ó ní, “Bọ̀dá mi, ta ló ń pariwo lé Màámi lórí?” Kí n tó dáhùn, ó ti pa fóònù.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, òfin èrò ṣì wà, Alága fẹ́ so yìgì ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kánópì láti ògiri dé ògiri. Ó tilẹ̀ pe àwọn ìyá méje náà pé kí wọ́n wá ṣàmín fún ọmọ òun! Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, “Ẹnjiníà, ìwọ ni mo fẹ́. Má jẹ́ kí gbohùngbohùn máa hu mọ́ wa létí o.”

Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Alága. Gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa gbọ́.”

N kò ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Họ́ọ̀nù mẹ́rin, igun mẹ́rin, mo dojú wọn kọ ara wọn débi pé ẹni tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé á gbọ́ bí Ààfáà ṣe ń mí. Nígbà tí gbogbo ènìyàn tẹ́wọ́ àdúà, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀kọ́dà náà.

“Ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí, ẹ padà! Òkú ò mọ iye ẹni tó sin ín!”

Alága ń wo họ́ọ̀nù kan dé èkejì, bí ẹni tó ń wá olè. Ìyá tó dàgbà jù ká ọwọ́ tó tẹ́ kò, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó sì wá bàtà rẹ̀. “Alága, a ti gbọ́. Ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí ọ̀fun dùn yín lónìí.” Àwọn méjèèje jáde, wọn ò sáré. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn.

Alága wá bá mi nídìí ampilifáyà, ó ní, “Ẹnjiníà, ọmọ mi ló ń lọ sílé ọkọ.”

Mo ní, “Ìyá mi náà, ilé ni wọ́n ń lọ.”

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi. Ó ṣì ń dùn mọ́ mi. Ìyàwó nìkan ló ń dùn mí, ó sunkún lábẹ́ ìbòjú rẹ̀, kò sì ṣẹ̀ mí. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Bàbá rẹ̀, mi ò bẹ̀ ẹ́.

Láti ìgbà yẹn, mo ti kọ́ oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n fi ń yọ ariwo kúrò nínú ohùn, nítorí kí n lè yọ ti Alága kúrò lórí àdúà náà. Kò ṣeé ṣe. Orí ibì kan náà ni ohùn rẹ̀ àti ti Ààfáà jókòó sí. Tí mo bá gé tirẹ̀, àdúà Màámi bá a lọ. Jíjí ohùn tó ti dákú dìde ni mo fi ń jẹun; ọ̀kan ṣoṣo tí mo fẹ́ pa yìí, èmi fúnra mi ni mo jí i dìde.

Mẹgafóònù náà ti tún bàjẹ́. Alága tuntun gbé e wá, ó sì ti béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Waya yẹn kan náà ló já, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan péré ni. Ó wà lórí pẹpẹ, níbi tí mo ti lè máa rí i láti orí ìjókòó mi. Ibẹ̀ ló máa wà.