Rọ̀kíbátù Gbé Ara Rẹ̀ Lọ

Ọdún mẹ́ta ni ọkọ̀ akẹ́rù funfun náà fi dúró lẹ́yìn ilé ní àdúgbò Logbaba nílẹ̀ òkèèrè. Ọkọ Rọ̀kíbátù ló rà á kó tó kú. Láràárọ̀, Rọ̀kíbátù á nu gíláàsì rẹ̀, á wá di aṣọ tó rán, á wọ takisí lọ sí ọjà Marché Congo, ẹrù lórí itan.

Ó fẹ́ máa wà á fúnra rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní ọmọ Nàìjíríà kì í rí ìwé ìwakọ̀ gbà níbí, kó yáa tà á. Ó ti rí ẹni tó fẹ́ rà á, tí yóò wá gbé e lópin oṣù.

Àgbà ló ń ṣáájú ọmọ lọ síwájú ìjọba. Bàbá Yẹ̀kínnì, olórí ẹgbẹ́ àwa ọmọ Nàìjíríà ní Makepe, wọ agbádá, ó lọ bá a béèrè ní ọ́fíìsì ìwé ìwakọ̀. Ó padà kí oòrùn tó kan àtàrí. Ó ní wọn kì í fún àlejò. Rọ̀kíbátù dúpẹ́. Ó ṣàkíyèsí pé bàbá ò wo ojú òun.

Lọ́jọ́ Ajé, ó dá lọ. Ìwé kan wà lára ògiri. Ó ń fi ìka tọ Faransé náà: àlejò lè gbà á, bó bá ní carte de séjour, ìwé tó fún un láyè láti gbé ìlú. Tirẹ̀ wà nínú báàgì. Aurélien tó jẹ́ akọ̀wé níbẹ̀ ní bàbá aláàgbádá kan ti wá. Àwọn ní kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ wá fúnra rẹ̀, ló bá bínú lọ.

Rọ̀kíbátù ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kọ́ ọkọ̀ wíwà. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ rà á dé, ó ní òun ò tà mọ́. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n ní kó fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ wọ àárín ọ̀pá méjì. Ọwọ́ tó ti ń tọ ojú ìlà aṣọ láti ogún ọdún ò kan ọ̀kankan.

Lọ́jọ́ tí ìwé náà jáde, ó lọ fi ọkọ̀ gbé Bàbá Yẹ̀kínnì, kí wọ́n jọ lọ sọ́jà. Ọlọ́pàá dá wọn dúró. Ó wo ìwé, ó wo obìnrin, ó tún wo ìwé.

"Bonne route, maman." Ó ní kó rìn ire, ó yà fún un.

Nígbà tí wọ́n rí ọjà lọ́ọ̀ọ́kán, bàbá yíjú sí i.

"Fùwàd ọmọ mi náà ń fẹ́ ìwé yìí. Kí ni mo máa kọ́kọ́ bá a gbé lọ?"

"Ẹ jẹ́ kó gbé ara rẹ̀ lọ, bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín sínú agbádá. "O ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún mi, àbí?"

Rọ̀kíbátù fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èrò ọjà là sí méjì fún un.